Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀rọ̀ Ìlú sí Ìlú: Ẹ̀kọ́ tó Ti Wà Nílé Wa Tipẹ́

  

Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, a gbé orúkọ àwọn ọmọ wa tó fẹ́ lọ kàwé fún dìgírì kejì sórí gúrúùpù. Ọ̀kan nínú wọn kọ ọ́ pé International Relations ni òun fẹ́ kà, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ìbáṣepọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè àti òṣèlú àgbáyé. Kò pẹ́ rárá tí bàbá wa kan fi dá a lóhùn: "Ọmọ mi, ó dáa o. Ṣùgbọ́n kí ló kan Ògbómọ̀ṣọ́ nínú ìyẹn? Ṣé a ní ẹ́ḿbásì ní Tákié ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà wà lára àwọn tó fi àwòrán ẹ̀rín ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó dalẹ́, ìbéèrè yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Mo ń rò ó pé bí ìlú kan bá wà tí ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè ti dé inú yàrá rẹ̀, tó ti kó ẹrù rẹ̀ síta, tó ti sọ ọlọ́jà di ẹni tó ń wá ibi sùn, ìlú wa ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó fèsì.

Kí ni ẹ̀kọ́ yìí gan-an?

Nàìjíríà ò fi ẹ̀kọ́ yìí ṣeré. Ọdún 1961, ọdún kan péré lẹ́yìn òmìnira, ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí NIIA sílẹ̀ ní Èkó. Yunifásítì Ifẹ̀ náà dá ẹ̀ka tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1977. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ibẹ̀ á fi ìwé ńláńlá há yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bó èèpo rẹ̀ kúrò, ìbéèrè mẹ́rin ló kù nínú rẹ̀. Ta ló lágbára? Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ sí àdéhùn lórúkọ ìlú? Kí ló máa ń mú kí ẹni tó fọwọ́ sí i mú un ṣẹ? Tí àdéhùn bá bàjẹ́, ta ló ń jìyà rẹ̀? Ẹ fi ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí sọ́kàn, nítorí òun ni a máa fi wo ìtàn tiwa.

Ìlàrí, àrokò àti Dàhòmì

Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé ṣì wà ní ipò rẹ̀, Aláàfin kì í dìde fúnra rẹ̀ lọ bá ọba mìíràn sọ̀rọ̀. Àwọn ìlàrí ni wọ́n ń rán. Ẹ ó rí i pé wọ́n fá apá kan orí wọn, wọ́n sì fi apá kejì sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá pàdé wọn lọ́nà lè mọ̀ pé iṣẹ́ ọba ni wọ́n ń jẹ́. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ìlàrí, Aláàfin ló fọwọ́ kàn. Ohun tí ayé òde òní ń pè ní ààbò aṣojú orílẹ̀-èdè nìyẹn.

Bí ìwé ò bá sí, àrokò wà. Tí ẹnì kan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ, ohun tó ń sọ ni pé ọkàn òun fà sí ọ, nítorí ẹ̀fà ni. Tó bá jẹ́ mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ yín jọ nìyẹn. Tó bá so méjì pọ̀ kí wọ́n kọjú síra, ó fẹ́ kí ẹ ríra, kí ẹ jọ sọ̀rọ̀. Tó bá so wọ́n kí wọ́n kẹ̀yìn síra, ìjà ti dé.

Láti 1730 ni Dàhòmì, tó wà ní ilẹ̀ Benin òde òní, ti gbà láti máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́. Ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n sì tún àdéhùn náà ṣe ní 1748. Ẹ wo bí Ọ̀yọ́ ṣe ṣe é. Wọn ò lé ọba Dàhòmì kúrò lórí ìtẹ́, wọn ò sì gba ọmọ ogun lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n fẹ́, òun náà ni wọ́n ń gbà lọ́dọọdún. Nǹkan bí ọdún 1823, Ọba Ghezo ní òun ò san mọ́. Kò sẹ́ni tó lè mú un. Kí ló dé? Àfọ̀njá ti yapa ní Ìlọrin, ilé Ọ̀yọ́ ti ń jó látinú. Agbára tó wà lẹ́yìn àdéhùn ti lọ, àdéhùn náà sì bá a lọ.

Ní àárín àwọn ọdún 1830 ni Ọ̀yọ́-Ilé tú. Aláàfin Àtìbà tẹ ìlú tuntun dó sí Àgọ́-d'Ọ̀yọ́, èyí tí a ń pè ní Ọ̀yọ́ lónìí. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ogun lé kúrò nílé wọn ló sá wá sábẹ́ odi Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ẹ bá ń gbọ́ orúkọ agboolé kan ní ìlú wa tó jọ orúkọ ìlú tí kò sí mọ́, ẹ mọ̀ pé ọmọ ìsáǹsá ogun ni ọ̀pọ̀ nínú wa. Ẹ má gbàgbé èyí, a máa padà síbẹ̀.

Lẹ́tà Aláàfin ní 1881

Ẹ jẹ́ ká wá sí Ọ̀yọ́ tuntun. Ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ jọ jà, bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1870, kò sì tán títí di 1893. Aláàfin Adéyẹmí Kìíní, tí oríkì rẹ̀ ń jẹ́ Alówólódù, ló wà lórí ìtẹ́. Ọba ńlá ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn ò ní ọmọ ogun tó lè sọ fún Ìbàdàn pé "ó tó". Orúkọ àti ìyì ìtẹ́ baba wọn ni wọ́n ní. Nítorí náà, ní oṣù Kẹwàá 1881, wọ́n kọ lẹ́tà sí aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó pé kí wọ́n wá bá wọn dá sí ìjà náà. Samuel Johnson, ẹni tó kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí gbogbo wa mọ̀, wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ yẹn fún Aláàfin.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé Aláàfin ló ṣílẹ̀kùn fún òyìnbó. Ẹ rọra o. Ọba tí ogun ti run ilẹ̀ rẹ̀, tí kò ní ìbọn tó pọ̀, kí ló kù tó lè ṣe? Ó wá ẹni kẹta. Ohun tí orílẹ̀-èdè kékeré ń ṣe títí dòní nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni kẹta náà ní ìdí tirẹ̀. Ní 1881, Lọ́ńdọ̀nù ò tíì fẹ́ náwó sórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì fà sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìjọba Yúróòpù jókòó ní Berlin, ní orílẹ̀-èdè Jámánì, láti oṣù Kọkànlá 1884 di oṣù Kejì 1885, wọ́n ń ṣe òfin bí wọn á ṣe pín etí òkun Áfíríkà. Kò sí Aláàfin níbẹ̀, kò sí Ṣọ̀ún níbẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Láti ìgbà yẹn, ojú tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń wo ìjà wa yí padà.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹfà 1886, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní Èkó lábẹ́ Gómìnà Moloney. Johnson àti Charles Phillips ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé e bọ̀ láàrin àgọ́ méjèèjì. Ìwé yẹn dáa, ṣùgbọ́n Ìlọrin ò sí nínú rẹ̀, wọ́n sì ń bá ogun wọn lọ ní Ọ̀fà. Ìwé náà ní kí Mọdákẹ́kẹ́ ṣí kúrò níbi tí wọ́n wà, wọn ò ṣí. Kò sẹ́ni tó lè fipá mú wọn.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti 1888. Ọmọ Faransé kan tó ń jẹ́ Viard ti dé Abẹ́òkúta, ó ń wá àdéhùn fún ìjọba tirẹ̀. Ẹ̀rù ba Èkó. Ní oṣù Keje ọdún náà, Moloney bá Aláàfin ṣe àdéhùn kan. Nínú rẹ̀, wọ́n pe Aláàfin ní olórí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n ka Ẹ̀gbá, Kétu, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ gẹ́gẹ́ bí igun mẹ́rin rẹ̀. Aláàfin náà sì gbà pé òun ò ní fi ilẹ̀ fún ìjọba mìíràn láìjẹ́ pé Èkó fọwọ́ sí i. Ẹ wò ó bí ọgbọ́n yẹn ṣe jinlẹ̀ tó. Ọba tí Ìbàdàn ò gbọ́ràn sí lẹ́nu, tí Ẹ̀gbá ti kúrò lábẹ́ rẹ̀ tipẹ́, ni Gẹ̀ẹ́sì wá pè ní olórí gbogbo wa. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn Ọ̀yọ́. Ọwọ́ ẹnì kan ni wọ́n fẹ́ kó wà lórí ìwé kan, kí wọ́n lè fi han Faransé pé gbogbo ilẹ̀ náà ti ní ẹni tó ń mójú tó o.

Ẹ̀rí? Ọdún márùn-ún péré. Ní oṣù Kìíní 1893, Gómìnà Carter lọ bá Ẹ̀gbá, ó sì bá wọn ṣe àdéhùn tiwọn lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlú tó dá dúró. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejì, ó bá Aláàfin ṣe tiwọn ní Ọ̀yọ́. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, ìjọba Èkó bá Ìbàdàn náà ṣe tiwọn. Olórí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ti di ọ̀kan nínú àwọn tó fọwọ́ síwèé.

Ìwé 1893 ní kí àlàáfíà wà. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kọkànlá 1895, Captain Bower, òyìnbó tí ìjọba fi sí Ìbàdàn, kó àgbá wá, ó yin ín lu Ọ̀yọ́. Ó ní Aláàfin ò tẹ̀ lé àṣẹ òun lórí ìyà tí wọ́n fi jẹ ọkùnrin kan. Àgbá tí Aláàfin pè láti fi dẹ́rù ba ọ̀tá ló padà wá wo ilé wọn. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún bi í léèrè pé ta ló lágbára.

Àwọn èèyàn wa ní Gánà

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wálé. Nígbà tí ogun tán, tí ọ̀nà dákẹ́, àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ gbé ẹrù, wọ́n gba ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn lọ. Àwọn ará Ìlọrin, Ọ̀fà, Ṣakí, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì àti Èjìgbò náà lọ. Ẹlòmíràn tẹ̀ dó sí Kumasi, ẹlòmíràn sí Tamale, ẹlòmíràn sí Yendi. Wọ́n ń ta aṣọ, wọ́n ń ta ìlẹ̀kẹ̀, abẹ́rẹ́, àwo àti ọṣẹ. Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n fẹ́yàwó, wọ́n bímọ. Àwọn oníṣòwò wa ni wọ́n gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi dé ọ̀pọ̀ ìlú níbẹ̀. Abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni Nàìjíríà àti Gold Coast wà, nítorí náà kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní ìwé.

Gánà gba òmìnira ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta 1957. Nàìjíríà gba tirẹ̀ ní 1960. Inú gbogbo ayé dùn. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò kíyè sí nínú ijó yẹn: ìyá tó ń ta aṣọ lọ́jà Tamale di àjèjì. Kò kúrò ní ìsọ̀ rẹ̀. Ààlà ló kọjá lórí rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia gbé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní Aliens Compliance Order jáde. Àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó máa lọ. Busia fúnra rẹ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n ni, ó kàwé dé Oxford. Ọrọ̀ ajé ò dára, iṣẹ́ ò sí fún ọ̀dọ́, àwọn ọmọ onílẹ̀ sì ń fẹ́ ìsọ̀ tí àwọn èèyàn wa wà nínú rẹ̀. Ta ni ì bá gbèjà wọn? Ogun abẹ́lé ṣì ń jà ní Nàìjíríà, kò sì tán títí di oṣù Kìíní 1970. Ìjọba tí ilé rẹ̀ ń jó kì í lè pariwo lé onílé ẹlòmíràn lórí.

Nígbà tí mo ń múra láti kọ èyí, mo pe bàbá wa tó béèrè ìbéèrè ẹ́ḿbásì lórí fóònù. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì pé mo fi ọ̀rọ̀ wọn kọ àpilẹ̀kọ. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní: "Ọmọ mi, Yendi ni wọ́n bí mi sí." Wọ́n gbà mí láyè kí n sọ ọ́, kí n má ṣáà dárúkọ àwọn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n. Bàbá wọn ta kẹ̀kẹ́ méjì àti ẹ̀rọ ìránṣọ ní ìdákan nínú mẹ́rin owó wọn. Ilé ò rí rà. Àwọn tó jẹ bàbá wọn ní gbèsè ò san, torí gbogbo wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ ń lọ. Ohun tó bá wọn délé Ògbómọ̀ṣọ́ ni àpótí kan, ìwé gbèsè wà nínú rẹ̀, orúkọ àwọn onígbèsè tò sínú rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Bàbá wọn ò sun ún títí wọ́n fi kú. Ní ilé-ìwé, àwọn ọmọ ẹlẹgbẹ́ wọn ń pè wọ́n ní "ọmọ Gánà", torí Dagbani ló kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu wọn. Àjèjì lọ́hùn-ún, àjèjì nílé.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi béèrè ìbéèrè yẹn nígbà náà. Wọ́n ní: "Èmi ò mọ̀ pé ohun tó ṣe wá yẹn ni wọ́n ń kà ní yunifásítì. Mo rò pé àgbákò lásán ni."

Àwa náà ṣe é

Ó wù mí kí n dúró síbẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ìtàn tí kò bá sọ ẹ̀bi tiwa kì í ṣe ìtàn. Ní oṣù Kìíní 1983, ìjọba Nàìjíríà lábẹ́ Ààrẹ Shagari ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni wọ́n fún ọ̀pọ̀ wọn. Owó epo ti já, ìdìbò ń bọ̀, wọ́n nílò ẹni tí wọ́n máa dá lẹ́bi. Àwọn ọmọ Gánà tó lé ní mílíọ̀nù kan ló kó ẹrù wọn. Ẹ̀yin náà mọ orúkọ tí a fún báàgì yẹn. A ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀ lọ́jà títí dòní, a sì ń rẹ́rìn-ín sí i. Mélòó nínú wa ló rántí pé ẹni tí wọ́n lé ní 1969 lè ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní 1983, tó ń wo ẹlòmíràn tí wọ́n ń lé?

Ẹ wá gbọ́, ìwé àdéhùn ti wà nígbà yẹn o. Wọ́n dá ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún 1975. Ní 1979, ní Dakar, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Ó tún wà níbẹ̀ pé bí wọn bá máa lé èèyàn, kí wọ́n sọ fún òun, fún ìjọba rẹ̀ àti fún ECOWAS. Nàìjíríà ní àwọn tí òun lé ti kọjá àádọ́rùn-ún ọjọ́. Bí Aláàfin Adéyẹmí bá wà láyé, wọn ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ bi wá pé kí ni ìwé jẹ́.

Ṣé kí a wá ní àdéhùn ò wúlò ni? Rárá o. Lónìí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lè wọ mọ́tò láti Èkó dé Accra láìgba físà. Àdéhùn ló ṣe é. Ṣùgbọ́n àdéhùn dà bí ògiri amọ̀, ẹni tí kò bá ń rẹ́ ẹ lọ́dọọdún, òjò á wó o. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kìíní 2025, Mali, Burkina Faso àti Niger kúrò nínú ECOWAS. Ní oṣù Keje ọdún náà, àwọn kan ṣe ìwọ́de ní Gánà pé kí àwọn ọmọ Nàìjíríà máa lọ. A ní èèyàn níbẹ̀. Ẹ mọ̀ wọ́n, wọ́n wà lórí gúrúùpù yìí.

Ohun tí a fẹ́ ṣe

Ìwé kan wà tí òyìnbó kan, J. S. Eades, kọ nípa àwọn Yorùbá oníṣòwò ní àríwá Gánà. Strangers and Traders lorúkọ rẹ̀, ó jáde ní 1993. Ìtàn àwọn èèyàn wa pọ̀ nínú rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1969 ti lé ní àádọ́rin ọdún lónìí. Bí a bá ń dúró de òyìnbó mìíràn, a máa dúró síbi ìsìnkú.

Nítorí náà, ẹ̀ka ọ̀dọ́ ń bẹ̀ yín. Àkọ́kọ́, ẹni tó bá ní bàbá tàbí ìyá tó ti Gánà bọ̀, ẹ jẹ́ ká wá gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí fóònù, ní Yorùbá, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ìkejì, ẹ má sun ìwé àtijọ́. Ìwé ilé, ìwé gbèsè, fọ́tò, káàdì ìjọ, ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò wọn, a ò ní gbé e lọ. Ìkẹta, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Gánà, Benin, Tógò àti Côte d'Ivoire, ẹ rí i pé ìwé ìgbélùú yín pé, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sílé. Ọ̀sẹ̀ méjì kì í pẹ́.

Ní ti ọmọ wa tó fẹ́ lọ ka International Relations, mo rọ ẹgbẹ́ pé kí a ràn án lọ́wọ́ bí a ṣe ń ran àwọn tó ń ka ìmọ̀ ìṣègùn àti ẹ̀rọ lọ́wọ́. A nílò ẹni tó máa jókòó níbi tí wọ́n ti ń kọ ìwé, tó máa ka ìlà tó wà ní ìsàlẹ̀ kí ọwọ́ tó kàn án, tó sì mọ bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣe ń rí lára ẹni tó ní ìsọ̀ àti ọmọ mẹ́fà.

Bàbá wa ti ṣèlérí pé àwọn á gbé àpótí yẹn wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Wọ́n ní ọdún pípẹ́ ni àwọn ò ti ṣí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dé.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ìlú,
Olùdarí Ẹ̀ka Ọ̀dọ́